KÒKÒRÒ INÚ OBÌ: Ẹ̀kọ́ nípa Ikọ́ Ẹ̀gbẹ tí ń Farapamọ́ sí Ara Ẹni tí ó ní Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé kòkòrò tí yóò jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè Agége àti Ìpájà, tí wọ́n ti mọ obì gbànja láti ayé àwọn baba wọn. Kòkòrò náà a ti yé ẹyin rẹ̀ sí ara obì nígbà tí obì ṣì wà ní oko. A ó ká a, a ó bó o, a ó fi ewé dì í sínú agbọ̀n, yóò sì máa dán bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ihò kékeré yóò yọ, tí ọjà yóò sì bàjẹ́. Oníṣòwò tí kò mọ ìdí rẹ̀ a máa dá agbọ̀n lẹ́bi, tàbí ewé, tàbí òjò. Ṣùgbọ́n agbọ̀n kò jẹ̀bi. Ọ̀tá ti wà nínú kí agbọ̀n tó dé.

Nínú ara ènìyàn pẹ̀lú, àìsàn kan wà tí ń ṣe gẹ́gẹ́ bí kòkòrò yìí. Orúkọ rẹ̀ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ife. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àìsàn ẹni tí ń wúkọ́, tí ń rù, tí ó sì lè máa tu ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà mìíràn tí ó ń gbà wá, tí ojú kì í tètè rí, pàápàá nígbà tí àìsàn mìíràn tí ó le ti kọ́kọ́ wọ inú ilé, tí gbogbo ènìyàn sì ń wo ti èyíinì nìkan. Ọ̀kan nínú irú àwọn àìsàn bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní leukaemia. Ẹ̀kọ́ yìí yóò fihàn bí ọ̀kan ti ń farapamọ́ sí abẹ́ èkejì, ìdí tí a kì í fi í tètè mọ̀, àti ohun tí ìdílé lè ṣe kí ẹni tí a lè wò sàn má baà kú ikú tí kò yẹ kí ó kú.

I. IKỌ́ Ẹ̀GBẸ JẸ́ ÀÌSÀN TÍ Ó LÈ SÙN

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, ọdún 1882, ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ni dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Koch dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì fihàn wọ́n pé kòkòrò kékeré kan ni ó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kòkòrò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè rí i bí kò ṣe pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Láti ọjọ́ náà ni ó ti dájú pé ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọ̀ràn àjẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí a bí mọ́ ìdílé kan. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà wá. Nígbà tí ẹni tí ó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́, tàbí tí ó bá sín, tàbí tí ó bá kọrin, kòkòrò a jáde, a sì máa fò kiri nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti lè fẹ́ dáradára, ẹlòmíràn a sì fà á sí inú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni èyí: kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó fa kòkòrò náà sí inú ni ó ń ṣàìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ní gbogbo ayé ni kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ ara rẹ̀ rí. Nínú 100 irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, nǹkan bí márùn-ún sí mẹ́wàá ni àìsàn náà yóò yọ sí ní ọjọ́ ayé wọn. Nínú ara àwọn ìyókù, àwọn ọmọ ogun ara a ká kòkòrò náà mọ́, wọ́n a sì fi odi yí i ká, yóò sì sùn síbẹ̀. Ẹni náà kò wúkọ́, kò rù, kò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ó lè sùn bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún tàbí ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n sísùn ni ó sùn, kò kú. Ní ọjọ́ tí odi bá wó, yóò jí.

II. JẸJẸRẸ Ẹ̀JẸ̀ JẸ́ ÀÌSÀN INÚ MÙDÙNMÚDÙN

Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń wá, èyí tí ń gbé afẹ́fẹ́ rere kiri gbogbo ara. Ibẹ̀ ni ohun tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́ ti ń wá. Ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń wá, àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ogun ara, tí ń bá àrùn jà lọ́sàn-án àti lóru.

Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ìlànà yìí dàrú. Mùdùnmúdùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀jẹ̀ funfun ní àṣejù, láìdúró àti láìní ìwọ̀n. Nítorí èyí ni dókítà ará Jámánì nì, Rudolf Virchow, fi fún un ní orúkọ kan ní 1847 tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ funfun. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé bí ọmọ ogun bá pọ̀, ìlú yóò ní ààbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí kò dàgbà, tàbí wọn kò mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n dàbí èpò tí ó bo oko: ewé rẹ̀ tutù, ó sì kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò so, kò sì jẹ́ kí àgbàdo rí ààyè. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pupa ń dínkù, tí ojú aláìsàn ń funfun, tí àárẹ̀ ń mú un, tí eyín rẹ̀ tàbí imú rẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀, tí ibà sì ń bá a lemọ́lemọ́.

Oríṣi kan wà tí ń yára, tí ó lè pa ènìyàn láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọdé. Oríṣi kejì a máa rọra wá láàrin ọdún púpọ̀. Nínú èyí tí ń rọra wá, ikùn aláìsàn lè wú ní apá òsì, lábẹ́ ìhà, tí yóò sì le bí òkúta, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé yóò fi rò pé àsasí ni.

III. BÍ ÈKÍNNÍ TI Ń ṢÍLẸ̀KÙN FÚN ÈKEJÌ

Ọ̀nà méjì ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fi ń jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó ti sùn.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àìsàn náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tòótọ́, tí ó ń ṣọ́ odi, ti dínkù. Àwọn tí ó pọ̀ kò mọ ìjà. Odi a wó, ẹni tí ó wà nínú túbú a sì jáde.

Ọ̀nà kejì ni ìtọ́jú. Àwọn oògùn líle tí a fi ń pa jẹjẹrẹ a máa pa àwọn ọmọ ogun rere pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí iná tí a fi sun èpò ti máa ń jó ewé irúgbìn. Prednisone àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí a sábà máa ń lò pẹ̀lú wọn, a máa tẹ agbára ìjà ara mọ́lẹ̀. Èyí kì í ṣe ìdí láti kọ ìtọ́jú. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́, jẹjẹrẹ yóò pa á. Ìdí ni láti ṣọ́nà.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó jí nínú irú ara bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, sí kókó ọrùn, sí egungun ẹ̀yìn, sí awọ tí ó bo ọpọlọ, àní sí inú mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀, ibi tí jẹjẹrẹ ti wà tẹ́lẹ̀.

IV. ÌDÍ TÍ A KÌ Í FI Í TÈTÈ RÍ I

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí àìkàwé tàbí àìbìkítà nìkan ni a kì í fi í tètè rí i. Ọgbọ́n àwọn dókítà ńlá pàápàá ti kùnà níbẹ̀. Àwọn ìdí rẹ̀ nìwọ̀nyí:

Èkínní, àmì àwọn àìsàn méjèèjì jọra. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ a máa mú ibà wá. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pẹ̀lú a máa mú ibà wá. Jẹjẹrẹ a máa mú ènìyàn rù. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà a máa mú ènìyàn rù. Òógùn òru tí ń rẹ aṣọ ìbora, àárẹ̀, àìlèjẹun, kókó tí ń wú ní ọrùn: méjèèjì ni ó ń ṣe gbogbo ìwọ̀nyí. Nígbà tí a bá ti mọ ìkan, a ó di gbogbo ẹ̀bi rù ú, a kò sì ní wá èkejì mọ́.

Èkejì, aláìsàn lè má wúkọ́ rárá, tàbí kí ó wúkọ́ láìní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí a lè yẹ̀ wò. Àwọn ọmọ ogun ara pẹ̀lú ni ó ń fa púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ tí ó ń hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Níbi tí ọmọ ogun kò bá sí, fọ́tò àyà lè mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, abẹ́rẹ́ tí a máa ń gún sí abẹ́ awọ apá láti mọ̀ bóyá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára lè parọ́. Awọ kì í wú bí ara kò bá ní agbára láti jà. Nítorí náà, bí a bá sọ fún ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pé apá rẹ̀ kò wú, èyí kò tó láti fi ọkàn balẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àwọn oògùn kan wà tí a máa ń fún aláìsàn nítorí àrùn mìíràn tí ó sì lè bu ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ díẹ̀ láìpa á. Levofloxacin àti ciprofloxacin wà lára wọn. Ibà yóò lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ìdílé yóò yọ̀, lẹ́yìn náà yóò padà pẹ̀lú agbára. Prednisone pẹ̀lú lè rẹ ibà sílẹ̀ nígbà tí iná ń jó lábẹ́ eérú.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀ràn náà lè yí padà sí òdìkejì. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó bá wọ mùdùnmúdùn lè da ẹ̀jẹ̀ rú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wò ó yóò fi rò pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni, nígbà tí kì í ṣe òun. Nítorí náà ni dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a fi máa béèrè fún àyẹ̀wò mùdùnmúdùn kí ó tó dá ẹjọ́.

V. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ OBÌNRIN ỌLỌ́LÁ KAN NÍ 1962

Kí ó lè hàn pé ọ̀tá yìí kì í bẹ̀rù ipò, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Eleanor Roosevelt jẹ́ aya Franklin Roosevelt, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1933 títí di ikú rẹ̀ ní 1945. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó di alága ìgbìmọ̀ tí ó ṣe Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ́wọ́ gbà ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, 1948. Kò sí dókítà tí kò ní fẹ́ tọ́jú irú obìnrin bẹ́ẹ̀.

Ní 1960 ni a sọ fún un pé mùdùnmúdùn rẹ̀ kò ṣe ẹ̀jẹ̀ dáradára mọ́. Àìsàn náà kì í ṣe jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìbátan tímọ́tímọ́ ni, nítorí ibì kan náà ni méjèèjì ti ń ṣọṣẹ́. Ní 1962 a fún un ní prednisone láti ran mùdùnmúdùn náà lọ́wọ́. Ibà mú un, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sí i. Àwọn dókítà rẹ̀ ronú kan ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n sì fún un ní oògùn rẹ̀; wọ́n mú díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn rẹ̀, wọ́n sì fi í sí ibi tí kòkòrò náà lè hù bí ó bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí a máa lọ́ra láti hù, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ó sì kọjá kí èsì tó dé ní òpin oṣù Kẹwàá: ikọ́ ẹ̀gbẹ ni lóòótọ́, irú èyí tí àwọn oògùn tí ó ń lò kò ràn. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, 1962, ní ẹni ọdún 78. Nígbà tí a yẹ òkú rẹ̀ wò, a rí i pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ti tàn ká gbogbo ara rẹ̀. Àwọn dókítà gbà pé kòkòrò tí ó ti wọ ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1919 ni ó sùn fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì jí nígbà tí ara kò lè jà mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Bí ó bá lè farapamọ́ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní New York, ó lè farapamọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìpájà. Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á dúpẹ́ fún: lónìí, ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ GeneXpert, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, lè dá kòkòrò náà mọ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láàrin nǹkan bí wákàtí méjì, yóò sì sọ bóyá rifampicin, olórí oògùn rẹ̀, yóò ràn án tàbí kò ní ràn án.

VI. Ẹ̀KỌ́ LÁTI ILÉ-IFẸ̀, ÀTI BÍ OÒGÙN MÉJÌ TI LÈ MÁA JÀ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń rò pé kò sí ìrètí fún ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2001 ni a fi ọwọ́ sí oògùn kan ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ imatinib, èyí tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ń rọra wá. Ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, láti oṣù Kẹjọ 2003 títí di oṣù Kẹjọ 2007, aláìsàn 98 ni a fi oògùn yìí tọ́jú, tí àwọn dókítà Ifẹ̀ sì kọ ìròyìn wọn fún gbogbo ayé láti kà. Ìdajì nínú wọn kò ju ẹni ọdún 36 lọ. Èyí ni ọjọ́ orí ẹni tí ń ro oko, tí ń tọ́ ọmọ, tí ń gbọ́ bùkátà àwọn òbí.

Nígbà tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìṣòro kan ń bẹ tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Rifampicin a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ àwọn oògùn mìíràn túútúú. Bí a bá lo òun àti imatinib pọ̀, ìwọ̀n imatinib nínú ẹ̀jẹ̀ lè dínkù tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Aláìsàn yóò máa gbé oògùn jẹjẹrẹ mì láràárọ̀, ṣùgbọ́n yóò dàbí ẹni tí ń pọn omi sínú agbè tí ó jò. Dókítà tí ó mọ̀ nípa méjèèjì lè tún ìwọ̀n ṣe, tàbí kí ó yan oògùn mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gba oògùn ikọ́ ní ibì kan, tí a sì ń gba ti ẹ̀jẹ̀ ní ibòmíràn, tí ẹnìkínní kò sì mọ̀ nípa ẹnìkejì, ta ni yóò tún un ṣe?

VII. ÌBÉÈRÈ KAN TÍ Ó LÈ GBA Ẹ̀MÍ LÀ

Jẹ́ kí a fi í ṣe àpèjúwe. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, padà sí ọsibítù nítorí ibà tí kò lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ti lo oògùn ibà, a ti lo ti táífọ́ọ̀dù, kò sì dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì bi ìyá náà pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà nínú ilé yín tí ó ti wúkọ́ pẹ́ rí?”

Ìyá náà dáhùn pé, “Rárá o, ọmọ mi. Ara gbogbo wa le.”

Nọ́ọ̀sì tún bi í pé, “Kì í ṣe ti ìsinsìnyí nìkan, Mà. Láti ìgbà tí ẹ ti bí wọn ńkọ́?”

Nígbà náà ni ìyá rántí. Ó ní, “Háà, bàbá wọn àgbà ni. Ikọ́ ni ó pa wọ́n. Ọmọ yìí ni ó sì máa ń bá wọn sùn nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà.”

Ọ̀rọ̀ tí ìyá rò pé ó ti di ìtàn àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ tí dókítà ń wá. Nítorí náà, kí ìdílé má ṣe fi ohun kan pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹni tí ó bo ikọ́ bàbá mọ́lẹ̀ lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ibojì ọmọ.

VIII. ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ TÍ JẸJẸRẸ Ẹ̀JẸ̀ WÀ

1. Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí aláìsàn tàbí ará ilé rẹ̀ sọ fún dókítà bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti ṣe é rí, tàbí bí ó bá ti bá ẹni tí ó ní in gbé. Dókítà lè fún un ní oògùn ìdènà.

2. Bí ibà bá mú ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, kí a má ṣe dúró sí ilé. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a lọ sí ọsibítù, nítorí àrùn mìíràn wà tí ó lè pa á láàrin wákàtí díẹ̀. Bí ibà náà kò bá lọ lẹ́yìn ìtọ́jú, tàbí bí ó bá lọ tí ó sì padà, kí a fi sùúrù béèrè pé, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́ Sà, ǹjẹ́ ẹ ti wo ti ikọ́ ẹ̀gbẹ?” Kò sí dókítà rere tí yóò bínú sí ìbéèrè yìí.

3. Kí a má ṣe ra oògùn ibà tàbí ti ikọ́ ní ọwọ́ oníkẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Oògùn tí kò tó a máa kọ́ kòkòrò náà ní ọgbọ́n bí yóò ti yè.

4. Kí gbogbo oògùn tí a ń lò, àti àgbo pẹ̀lú, wà nínú ìwé kan ṣoṣo, kí a sì máa mú ìwé náà lọ sí gbogbo ibi tí a bá ti ń gba ìtọ́jú.

5. A kò gbọdọ̀ fún ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG, nítorí kòkòrò ààyè tí a ti sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ń dáàbò bo ọmọ tí ara rẹ̀ le lè pa ẹni tí kò ní ọmọ ogun lára lára. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ ìkókó tí ara wọn le gbà á nígbà tí ó yẹ.

6. Bí a bá rí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí a mọ̀ pé ó ṣeé wò, àní nínú ara ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ. Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń gbà: oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì, méjì fún oṣù mẹ́rin. Bí ó bá ti wọ egungun tàbí ọpọlọ, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ yóò pọ́n nítorí rifampicin. Èyí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kí a má ṣe torí rẹ̀ dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n bí òféèfèé, tí èébì sì ń gbé aláìsàn, kí a tètè padà sí ọ̀dọ̀ dókítà.

7. Kí gbogbo ará ilé tí ó bá ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó lè gbé e wọ ilé fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le.

Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kò gba owó ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Èyí ṣe pàtàkì fún ilé tí jẹjẹrẹ ti ná ní owó. Ó ṣeé ṣe kí ìdílé ta ilẹ̀ oko láti ra oògùn fún ibà tí kò lọ, nígbà tí oògùn tí yóò lé ibà náà wà ní ọ̀fẹ́ ní itòsí. Fún àwọn ará Ìpájà, Àyọ̀bọ́ àti Ẹgbẹ́dá, Ọsibítù Gbogbogbòò ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò. Àwọn oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ wà ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwádìí ìṣègùn ti Nàìjíríà tí ó wà ní Yàbá sì ní yàrá àyẹ̀wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ.

IX. FÚN ÀGBÈGBÈ, ILÉ ÌJỌSÌN ÀTI OKO

Ìpájà kì í ṣe abúlé oko nìkan mọ́. Nínú ìkànìyàn ti 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Níbi tí ilé ti kún, tí ìdílé kan ń sùn nínú yàrá kan, tí ọkọ̀ sì ń kó èrò fọ́fọ́ láti Ìyànà Ìpájà, ikọ́ ẹnìkan di ikọ́ gbogbo ènìyàn. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ni oògùn tí kò gba owó. Kí a ṣí fèrèsé yàrá aláìsàn ní ọ̀sán, kí a má ṣe fi aṣọ dí i nítorí òtútù. Kí a ṣí fèrèsé ilé ìjọsìn pẹ̀lú nígbà tí àwọn ènìyàn bá pọ̀ tí wọ́n sì ń kọrin. Kí ẹni tí ń wúkọ́ fi aṣọ tàbí ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu.

Ẹni tí ó ń tọ́jú màlúù, tàbí tí ó ń ra wàrà ní ọwọ́ darandaran, kí ó sè é kí ó hó kí ó tó mu ún, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màlúù lè gba inú wàrà tútù wọ ara ènìyàn. Fún ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀ràn àwàdà. Ẹ̀wà, ẹyin tí ó jinná dáradára, ẹja àti ẹ̀fọ́ tí a fọ̀ mọ́ ni oúnjẹ tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Kí a má ṣe sá fún aláìsàn. Ẹni tí kòkòrò kàn sùn sí lára kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ó yẹ, tí ó sì ń lò ó déédéé, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ewu àtiràn rẹ̀ a máa dínkù gidigidi. Ìdánìkanwà ń pa ènìyàn pẹ̀lú.

Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í dúró di ìgbà tí ihò bá yọ lára obì. Yóò ṣà á nígbà tí ó bá dé láti oko, yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ó rí nínú ilé tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ bá wà. Àìsàn kan tí a mọ̀ kò fihàn pé èkejì kò sí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KA Ẹ̀KỌ́ YÌÍ NÍ ILÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ sùn sí lára àti ẹni tí àìsàn náà ń ṣe?
2. Ọ̀nà méjì wo ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fi ń jí ikọ́ ẹ̀gbẹ?
3. Àwọn àmì wo ni ó jọra nínú àìsàn méjèèjì?
4. Èéṣe tí a kò fi lè gbẹ́kẹ̀lé àyẹ̀wò awọ apá nìkan?
5. Èéṣe tí ó fi yẹ kí dókítà tí ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ mọ oògùn tí dókítà ikọ́ fún aláìsàn?
6. Nínú ilé yín, ta ni ó ti wúkọ́ pẹ́ rí?